Ta Ló Ń Béèrè Dagrin Lónìí?

Ẹ má bi oníròyìn bóyá awo orin kan dára tàbí kò dára. Ẹ bi ẹni tó ń tà á. Oníròyìn á gbọ́ ọ lọ́sẹ̀ tó jáde, á kọ tiẹ̀, á sì kọjá sórí òmíràn. Èmi tí mo ń tà á, mo ń rí ẹni tó ń béèrè rẹ̀ lónìí, mo ń rí ẹni tí kò béèrè rẹ̀ mọ́, mo sì ń rí ẹni tó ti pa á tì tipẹ́ tó tún padà wá nígbà tí ewú ti yọ ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Mọ́níyà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, níbi tí ọ̀nà Ìsẹ́yìn ti yà. Kásẹ́ẹ̀tì ni mo fi bẹ̀rẹ̀, ní Òjòó, nígbà tí mo jáde nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí iṣẹ́ ìjọba kò yọjú. Kásẹ́ẹ̀tì di sídì, sídì di mẹ́mọ́rì. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe jù báyìí ni kí n máa gbé orin sínú fóònù, àti sínú rédíò kékeré oní-mẹ́mọ́rì tí àwọn àgbẹ̀ ń gbé kọ́rùn lọ sóko. Wọ́n ń ti Ìkèrèkú wá, wọ́n ń ti Ọnídùndú àti Ìjàyè wá. Bí wọ́n bá pè mí sóde pé kí n wá fi ẹ̀rọ àti orin dá wọn lára yá, mo ń dé Lálúpọn ní Lágelú, mo ń dé Ẹ̀rúnmú ní Ẹgbẹ́dá, mo sì ń lọ títí dé Àkànràn ní Ọ̀nà Àrà. Ìyá Onísídì ni orúkọ tí wọ́n mọ̀ mí sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sídì tó kù lọ́wọ́ mi, oko àgbàdo ni mo so wọ́n kọ́ sí, kí wọ́n máa kọ mànà lé ẹyẹ.

Orin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni tàkasúfèé, pàápàá èyí tí wọ́n ń fẹnu sọ wéréwéré tí wọ́n ń pè ní ráàpù. Ẹ̀yin àgbà tó ti fẹ́ ṣí ìwé kọjá, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀; ọ̀rọ̀ Àyìnlá Ọmọwúrà ń bọ̀ níwájú.

Awo orin tí wọ́n ṣe ní 2009, bó ṣe rí ní 2009 náà ló rí títí dòní. Ẹnikẹ́ni kò fi ìlù kún un, ẹnikẹ́ni kò sì yọ ọ̀rọ̀ kúrò níbẹ̀. Síbẹ̀, awo kan náà tí wọ́n fi ń bú ọmọ ọlọ́mọ nígbà kan lè di èyí tí wọ́n fi ń yangàn nígbà mìíràn. Àwa tó ń gbọ́ ọ là ń yí: à ń dàgbà, à ń bímọ, à ń sìnkú, ohun tí a fi ń gbọ́ orin náà sì ń yí mọ́ wa lọ́wọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni àwọn ènìyàn kì í kà sí. Òun gan-an ni mo rí jù nídìí òwò mi.

Ẹ jẹ́ ká mú C.E.O, awo olóògbé Dagrin. Ọdún 2009 ló jáde. Ó ti ṣe ọ̀kan ṣáájú ìyẹn, Still on the Matta, ní 2006, tí ẹnikẹ́ni kò béèrè lọ́wọ́ mi rí. Nínú C.E.O, Sossick ló ṣe ọ̀pọ̀ ìlù rẹ̀, ọmọ náà sì pe ara rẹ̀ ní Chief Executive Ọmọ̀ta, ọ̀gá àgbà tó jẹ́ ọmọ ìta. Yorùbá ìgboro ló fi sọ ọ́, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì lù ú níbi tó bá wù ú. Ní àkókò yẹn, ẹni tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì ráàpù ni wọ́n ń kà sí ọ̀mọ̀wé láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Lord of Ajasa ti ń fi Yorùbá ṣe é ṣáájú Dagrin, ó sì lókìkí, àmọ́ ojú ará oko ni wọ́n ṣì fi ń wo irú wọn. Kò yà mí lẹ́nu. Ilé ẹ̀kọ́ tí àwa àti àwọn ọmọ wa lọ, owó ìtanràn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì. Ta ló fẹ́ wá ka Yorùbá ọmọ ìta sí ọgbọ́n?

Bí C.E.O ṣe dé ọ̀dọ̀ wa rèé: kò dé. Orin inú rẹ̀ bíi méjì ló dé, Pon Pon Pon àti Kondo, nínú sídì àdàlù tí wọ́n kó jọ ní ọjà Àlàbà l'Ékòó. Orin tó wà lórí sídì kan ṣoṣo lè lé ní ọgọ́rùn-ún. Dagrin, D'banj, Timaya, P-Square, gbogbo wọn fún pọ̀ síbẹ̀, díjéè tó kó wọn jọ á sì máa pariwo orúkọ ara rẹ̀ lórí orin olórin. Kọ́bọ̀ kan kò wọ àpò ẹni tó kọrin. Sídì gidi, èyí tí àwòrán Dagrin fúnra rẹ̀ wà lára páálí rẹ̀, mo gbé e wá láti Èkó, ó sì pẹ́ lórí àtẹ. Ta ló fẹ́ fowó ra olórin kan nígbà tí owó kan náà á ra ogójì?

Nítorí náà, nígbà tí àwọn ará ìgbèríko wa ń jiyàn bóyá Dagrin dára tàbí ariwo lásán ni, orin méjì ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Àwọn ọlọ́kadà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó yá lẹ́nu. Àwọn alàgbà ní ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní èébú. Awo náà gan-an, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ nínú ìhà méjèèjì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn tó ń kọ ìtàn orin máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo wa jókòó, a gbọ́ awo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, a wá dájọ́.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2010, ọkọ̀ Dagrin lọ kọlu ọkọ̀ akẹ́rù kan tó dúró, ní Mushin. Ní ọjọ́ 22, ó jáde láyé nílé ìwòsàn. Kò pẹ́ sígbà náà tí wọ́n pín àmì-ẹ̀yẹ Hip Hop World Awards, tí wọ́n ń pè ní Headies lónìí, tí wọ́n sì fi C.E.O ṣe awo ráàpù tó dára jù lọ́dún náà. Olórin ti lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó kú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ń ra àwòrán rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ àti ara ilẹ̀kùn. Orin kan tó sọ nípa ikú ara rẹ̀, If I Die, gba ìgboro kan, gbogbo ènìyàn sì ní ó ti rí i tẹ́lẹ̀. Ní 2011, wọ́n ti ṣe fíìmù nípa ìgbé ayé rẹ̀, Ghetto Dreamz. Èmi, n kò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ nígbà yẹn. Gbólóhùn tó bá ti jáde lẹ́nu rẹ̀, ikú ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Ọmọ tó ń ṣẹ̀fẹ̀, tó ń bá ebi jà, tó ń fi àwọn tó tì í sẹ́yìn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ ọ́ di wòlíì. Wọn kò gbọ́ ẹ̀rín inú rẹ̀ mọ́. Ṣé a lè bá wọn wí? Òkú ọ̀dọ́ máa ń dun ni, ẹni tí ọ̀rọ̀ sì dùn kò ráyè ẹ̀fẹ̀.

Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ni mo rí ìyípadà kẹta, òun ló sì jẹ́ kí n máa ronú sí ọ̀rọ̀ yìí. Fóònù Tecno àti Itel ti dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn, mẹ́mọ́rì ti tóbi, Audiomack àti Boomplay sì wà fún ẹni tó bá ní dátà. Awakọ̀ Micra kan tó ń ná Mọ́níyà sí Òjòó wọlé tọ̀ mí wá. Ó ti bí ọmọ mẹ́ta, mo sì mọ̀ ọ́n nígbà tó ń gun ọ̀kadà tó ń kọ Pon Pon Pon mọ́ mi létí.

Ó ní, “Màmá, ẹ bá mi gbé C.E.O sí i. Gbogbo ẹ̀. Kí wọ́n tẹ̀ léra wọn bó ṣe tò wọ́n.”

Mo ní, “Ṣé o kò ti ní in tẹ́lẹ̀ ni?”

“Mo ní Pon Pon Pon. Mo fẹ́ mọ ohun tó kù tó sọ.”

Láti ìgbà tí mo ti ń ṣe òwò yìí, kò sí ẹni tó tíì bèèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi nípa orin ìgboro. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tó ń lọ gbáàgúdá ní Ìkèrèkú dé, ó ní òun náà fẹ́ odidi. Lẹ́yìn ìyẹn ni bíríkìlà kan. Gbogbo wọn ti lé ní ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa awo náà kò jọ ti 2009, kò sì jọ ti 2010. Wọn kò sọ pé ó yá lẹ́nu, wọn kò sì sọ pé ó rí ikú rẹ̀. Wọ́n ní ó ń sọ ti àwọn: ilé tí òjò ń wọ̀, owó tí kò dé, ọ̀rẹ́ tó gòkè tó ṣíwọ́ kíkí ni. Àwọn obìnrin tó ń bá mi ra orin òde sì mú Thank God, tí òun àti Omawumi jọ ṣe, sọ ọ́ di orin ìṣílé àti ìsọmọlórúkọ. Ní Àkànràn, mo fi í sí i níbi ìkómọ kan, ìyá ọmọ jó dé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mi, kò sì mọ ẹni tó ń kọ ọ́.

Bàbá àgbà kan ní Ìjàyè gbọ́ awo náà nínú ọkọ̀ kan náà tí mo sọ yẹn. Àgbà yìí kì í gbọ́ ju Ọ̀dọ́láyé Àrẹ̀mú àti ewì Ọlánrewájú Adépọ̀jù lọ. Ó dé ṣọ́ọ̀bù mi, ó béèrè ta ni ọmọ yẹn. Ó ní kì í ṣe pé gbogbo ọ̀rọ̀ náà yé òun, àmọ́ ọmọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnu gún ènìyàn láì dárúkọ rẹ̀. Kò rà á o. Ó kàn fẹ́ mọ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin, tó kàwé ní Pólì Ìbàdàn, tí kò sí orin ráàpù tí kò gbọ́ tán, ló sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sọ́dọ̀ wa. Ó ní kí n wo ti Nas ní Amẹ́ríkà. Ọmọ ogún ọdún ni Nas nígbà tí Illmatic jáde, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹrin ọdún 1994. Ìwé ìròyìn The Source, tó jẹ́ adájọ́ ráàpù nígbà náà, fún un ní máíkì márùn-ún, èyí tí kò sí òmíràn lókè rẹ̀. Àmọ́ ọjà kò gbà pẹ̀lú wọn. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n tà jẹ́ nǹkan bí 60,000, tí ìyẹn kéré púpọ̀ lọ́dọ̀ tiwọn. Ó di 1996 kí wọ́n tó kà á sí awo tó pé ìdajì mílíọ̀nù, ó di 2001 kó tó pé mílíọ̀nù kan. Ní 2021, ilé ìkówèésí ìjọba àpapọ̀ wọn, Library of Congress, fi í sínú àwọn orin tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ parun láéláé. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àwọn ayédèrú rẹ̀ ti kún ìgboro New York kí ojúlówó tó jáde. Àlàbà wà níbi gbogbo.

Àmọ́ ìyàtọ̀ wà. Ti Nas, àwọn adájọ́ ló kọ́kọ́ gbà á, ọjà wá tẹ̀ lé wọn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ìgbèríko Ìbàdàn, kò sí adájọ́ tó ń fún ẹnikẹ́ni ní máíkì, ìwé ìròyìn Hip Hop World kì í dé Ọnídùndú. Ọjà la kọ́kọ́ ní, ọjà náà sì ti gé awo náà wẹ́lẹwẹ̀lẹ kó tó dé ọwọ́ wa. Ẹni tó bá jẹ orógbó tí wọ́n gé ojú rẹ̀ sọnù, kò lè bá ni sọ adùn tó wà ní ìdí rẹ̀.

Ohun tí a fi ń gbọ́ orin lágbára ju bí a ṣe rò lọ. Ẹgbẹ́ ráàpù De La Soul, ní Amẹ́ríkà náà, ṣe awo kan ní 1989, 3 Feet High and Rising, tí àwọn onímọ̀ gbé lékè. Àwọn ègé orin ẹlòmíràn tí wọ́n lò nínú rẹ̀ dá ẹjọ́ àti àríyànjiyàn sílẹ̀, nígbà tí ayé sì gbé orin lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, awo náà kò lè tẹ̀ lé wọn. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta ọdún 2023 ló tó débẹ̀. Láàárín ìgbà yẹn, ọmọ kan lè bí sáyé, kó dàgbà, kó máa gbọ́ pé awo ńlá ni, kó má sì rí i gbọ́ lórí fóònù rẹ̀. Irú iyì wo nìyẹn? Iyì àgbọ́sọ.

Àwa náà ní tiwa. Púpọ̀ nínú orin Yorùbá ìgboro tó jáde kí fóònù tó gba ìlú, inú sídì tó ti ha ló wà, tàbí nínú fáìlì tí ohùn díjéè wà lórí rẹ̀. Ọmọdé kan wá gba orin Lord of Ajasa fún bàbá rẹ̀, èyí tó mọ́ ni mo fún un. Bàbá náà dá a padà, ó ní kì í ṣe òun nìyí. Mo fi ẹ̀dà tí díjéè ń pariwo lórí rẹ̀ sí i, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Ohun tó fẹ́ràn láti ọdún yìí wá, ariwo díjéè wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin àgbà, mo ti ń bọ̀. Nínú ilé bàbá mi, a kò gbọdọ̀ gbé rẹ́kọ́ọ̀dù Àyìnlá Ọmọwúrà wọlé. Orin àwọn ọmọ gànfé ni wọ́n pè é, orin àwọn awakọ̀ àti àwọn onísìgá. Haruna Ìṣọ̀lá ni ọmọlúàbí ń gbọ́ bó bá fẹ́ gbọ́ àpàlà. Wọ́n pa Àyìnlá níbi ìjà ilé ọtí ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 1980, àwọn ọmọlúàbí wọ̀nyí sì ní ẹni tó ń jó ní ẹ̀bá iná ni. Ní 2020, Festus Adédayọ̀ kọ odidi ìwé lórí rẹ̀. Ní 2021, Túndé Kèlání ṣe fíìmù rẹ̀, Ayinla. Lẹ́yìn fíìmù yẹn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi béèrè àpàlà, àwọn ọmọ tí kò tí ì dáyé nígbà tí ọkùnrin náà kú, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ nípa ìjìnlẹ̀ Yorùbá rẹ̀. Ó gba ogójì ọdún, ó sì gba fíìmù. Bàbá mi kò sí láyé láti rí i. Ì bá ti ké pé ayé ti bàjẹ́.

Gbogbo awo kọ́ ló ń gòkè. Gongo Aso tí 9ice ṣe ní 2008, tí ID Cabasa lu orin àkọlé rẹ̀, kò gòkè, kò sì wálẹ̀, àmọ́ ó ṣí kúrò níbi tó wà. Lọ́dún tó jáde, 9ice kọrin ní London níbi ayẹyẹ àádọ́rùn-ún ọdún Mandela, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ hip hop níbi ti MTV Africa ní Abuja. Àwọn ọ̀dọ́ ló ni ín nígbà náà. Àmọ́ òwe àti oríkì pọ̀ nínú rẹ̀, àwọn àgbà náà sì rí ohun tí wọ́n mọ̀ níbẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn. Lónìí, bí mo bá ń to orin fún òde àgbà ní Lálúpọn, àárín Ebenezer Obey àti fújì ni mo ń fi Gongo Aso sí, kò sì sí ẹni tó ń bèèrè pé kí ló ń wá níbẹ̀. Ẹ bi ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún léèrè bóyá tàkasúfèé ni. Yóò ní orin àwọn dádì ni.

Òmíràn ń jábọ́, mo sì gbà pé ó yẹ kí òmíràn jábọ́. Ọlámidé ni mo tà jù láàárín gbogbo àwọn tó wá lẹ́yìn Dagrin. Láti Rapsodi ní 2011 ló ti ń gbé awo jáde bí ẹni pé kò sùn. Àmọ́ nígbà tí Street OT jáde ní 2014, orin kan wà nínú rẹ̀, Story for the Gods, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ pé ó ń fi ìfipábánilòpọ̀ ṣeré. Àwọn kan jà fún un nígbà yẹn pé ẹ̀fẹ̀ ni. Lọ́dún náà, mo ń fi í sóde, gbogbo ènìyàn ń jó o. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn ọmọbìnrin tó ń jó o ti di ìyá ọmọbìnrin. Ìyàwó kan ní Ẹ̀rúnmú wá bá mi nídìí ẹ̀rọ, ó fi pẹ̀lẹ́ sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ yọ ìyẹn kúrò.” N kò jiyàn. Orin tó kù nínú awo náà ṣì ń lọ lọ́jà, èyí tí wọ́n torí rẹ̀ ń sáré ra gbogbo rẹ̀ nígbà náà ni wọ́n ń fò báyìí.

Ìjọba náà máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé orin ga láìmọ̀. Ní 2004, Eedris Abdulkareem kọ Jaga Jaga, Ààrẹ Ọbásanjọ́ bínú, wọ́n ní kí rédíò má lò ó mọ́. Ẹni tí kò fẹ́ràn ráàpù rárá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Títí dòní, bí owó epo bá ti gun òkè, ẹnì kan á wọlé wá gba Jaga Jaga. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, wọ́n tún ní kí rédíò má lo Tell Your Papa tí ọkùnrin kan náà kọ. Wọn kò kọ́gbọ́n. Èmi ni mo jèrè.

Ìrìn tí C.E.O rìn ní ọdún mẹ́wàá, mo ti rí i tó di ìrìn ọ̀sẹ̀ kan. Olórin Mohbad kú ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Awo rẹ̀, Blessed, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ́dún yẹn ni, èyí tí wọ́n ń béèrè nínú rẹ̀ lọ́dọ̀ mi kò pọ̀. Kó tó di ọjọ́ kẹta, àwọn ìyá tó ń ta gààrí ní Mọ́níyà mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n ní kí n gbé e sí rédíò fún àwọn. Wọ́n ń wá ẹjọ́ nínú orin rẹ̀: ta ló ń halẹ̀ mọ́ ọn, ta ló ń bẹ̀rù. Ní ti rẹ̀, ìbéèrè tó nídìí ni, nítorí ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́. Àmọ́ mo rántí Dagrin. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹnì kan á wọlé, tí yóò ní kí n gbé Blessed sí i fún òun nítorí orin náà dùn, láìsí ìdí mìíràn. Kò tíì dé.

Àwọn oníbàárà tó mọ̀ pé mo máa ń fọkàn sí ọ̀rọ̀ yìí máa ń bi mí èwo ló kàn. Alága Ìbílẹ̀ ni mo ń sọ fún wọn, awo Reminisce. Oṣù Kọkànlá ọdún 2013 ló jáde, oṣù kan náà tí Ọlámidé gbé Baddest Guy Ever Liveth jáde, ta ló sì ráyè rẹ̀? Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ìwé ìròyìn TIME ní Amẹ́ríkà dárúkọ Reminisce mọ́ àwọn olórin ráàpù méje lágbàáyé tó yẹ kí ènìyàn mọ̀. Ìròyìn náà kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ wa ni fíìmù King of Boys, ní 2018, níbi tó ti ṣe Mákanákí. Àwọn ènìyàn tí kò gbọ́ orin rẹ̀ rí ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, wọ́n ń bèèrè pé, “Ṣé Mákanákí yẹn ń kọrin náà ni?” Mo ń gbé Eléniyàn sí i fún wọn, tí òun àti Wizkid jọ kọ, nítorí ìyẹn rọrùn láti gbọ́. Àwọn kan á jó o, wọ́n á lọ. Àmọ́ àwọn kan ti ń padà wá, wọ́n ní kí n fún àwọn ní ìyókù, bí olórin ṣe tò ó gan-an. Yorùbá rẹ̀ ki ju ti Dagrin lọ, ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ sì le. Ẹni tó bá gbọ́ ọ pẹ̀lú etí kan ṣoṣo nínú ọkọ̀ akérò kò lè gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ó ń fẹ́ ẹni tó ti dàgbà díẹ̀, tó ní etí ìgbọ́ tó dára, tí ó sì jókòó. Irú àwọn oníbàárà bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i ní Mọ́níyà, mo sì ti kó odidi rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà mi, ní ẹ̀dà tí kò sí díjéè kankan lórí rẹ̀.